Ẹni tí Súùmù Muhydeen Tì Jáde

Kò sẹ́ni tó kọ́ Muhydeen níṣẹ́ fídíò. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ọ̀gbà ló wà, tó ń fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán wo bí wọ́n ṣe ń gé fídíò lórí fóònù, tó bá sì délé, á fi kọ̀ǹpútà àlòkù kan dán an wò. Ọjọ́ tó mọ súùmù ṣe, ńṣe ló fò sókè! Súùmù ò le rárá. Wàá fi àmì kan síbi tí àwòrán ti wà bó ṣe wà, wàá sún síwájú díẹ̀, wàá fẹ àwòrán náà kó tóbi, wàá wá fi àmì kejì síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò rin ìrìn tó wà láàárín àmì méjèèjì. Ojú èèyàn á máa bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àfi bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí ọ létí.

Ló bá di pé kò sóhun tí Muhydeen kì í súùmù. Ó súùmù ìyàwó, ó súùmù ọmọ tuntun, ó súùmù àgbò ìkómọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Sún-mọ́-mi. "Sún-mọ́-mi, inú imú ìyàwó wo lo tún ń wọ̀ lọ́sẹ̀ yìí?"

Iṣẹ́ tó gbé e jáde ni wòlímọ̀ Sùlíyá, ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà ka Kùránì níwájú àwọn ààfáà ní Oko Ọba kí wọ́n tó so yìgì rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń fi kámẹ́rà ká a, ojú Sùlíyá nìkan ni Muhydeen ń wò. Ìgbà tó jókòó láti gé e ló tó rí ọkùnrin kan lẹ́yìn ọmọbìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà, nínú aṣọ iṣẹ́ alápatà tí ẹ̀jẹ̀ màlúù ti ta sí. Ó pòṣé. "Bàbá, ẹ ò ṣáà wẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá bá wa ba àwòrán jẹ́?" Ó fi àmì kan, ó fi èkejì. Ojú Sùlíyá gba gbogbo àwòrán, ọkùnrin náà sì gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Iṣẹ́ mọ́! Wọ́n pín in kiri wọ́ọ́sáàpù. Bí wọ́n ṣe ní ó dáa báyìí, Muhydeen pa ojúlówó rẹ̀, èyí tí kò tíì gé, rẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, kí àyè lè wà fún iṣẹ́ mìíràn. Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ ike sílẹ̀, tó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Agége.

Ibẹ̀ ni Sùlíyá wá bá a.

"Ìyàwó! Ṣé ìkómọ la fẹ́ ká?"

Sùlíyá ò rẹ́rìn-ín. "Brọ̀dá Muhydeen, bàbá mi ti kú. A ti ṣe fídáù wọn."

"Ìnnà lillàhi!"

"Wọ́n ní àwọn ò ní fẹsẹ̀ tẹ ibi wòlímọ̀ mi, torí àwọn ò fẹ́ ọkọ tí mo mú wálé. Mo gbà pé wọn ò wá lóòótọ́. Mi ò yà kí wọn mọ́ títí wọ́n fi kú. Àmọ́ níbi fídáù, alápatà ẹgbẹ́ wọn kan ní wọ́n fi ẹran sílẹ̀ lórí pátákó lọ́jọ́ náà, wọ́n sáré wá, wọn ò tiẹ̀ pààrọ̀ aṣọ. Màámi ní irọ́ ni, pé ó fẹ́ fi tù wá nínú ni. Ẹ̀yin lẹ mú kámẹ́rà dání. Ṣé ẹ rí wọn?"

Muhydeen wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Tó bá ní òun ò rí ẹnì kankan, ta ni yóò mú un?

"Mo rí wọn," ó ní. "Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí. Èmi ni mo yọ wọ́n kúrò."

"Ẹ yọ bàbá mi kúrò? Ẹ dá wọn padà!"

Níbo ló ti fẹ́ dá wọn padà? Ohun tí súùmù bá ti tì jáde, tí ojúlówó sì ti parẹ́, ó lọ nìyẹn. Ìgbà náà ló rántí pé níbi àmì àkọ́kọ́, kí súùmù tó gbéra, odidi ṣì ni àwòrán. Ó wá ibẹ̀, ó dá a dúró. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó di ògiri mú, ó ń bọ́ bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀.

"Àwọn nìyí," ni Sùlíyá wí, ó fi ìka kan àwòrán náà. "Torí orúnkún tó ń dùn wọ́n ni wọ́n ṣe ń di ògiri mú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbójú sókè."

Muhydeen jẹ́ kó máa lọ. Bí bàbá náà ṣe fẹ́ gbé orí báyìí ni àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, ó bá gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Wọ́n dá a padà, ó tún lọ.

"Inú wọn dùn ni, àbí wọ́n ṣì ń bínú? Ẹ̀yin lẹ rí ojú wọn."

Muhydeen wá ojú náà nínú ọpọlọ rẹ̀ títí. Ẹ̀jẹ̀ aṣọ nìkan ló bá níbẹ̀. Ó wù ú kó ní wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Mi ò wo ojú wọn, Sùlíyá. Aṣọ ni mo wò."

Sùlíyá fi ìborùn nu ojú, ó dìde. "Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ fẹnu ara yín sọ fún màámi pé wọ́n wá."

Muhydeen gbé e, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ̀lé e. Kò mọ ohun tí òun máa wí bí opó náà bá tún béèrè nípa ojú ọkọ rẹ̀.