Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Fẹ́ Sin Arẹwà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Uwasota, Yorùbá àbọ̀ ni mo gbọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n tọ́ ní Benin mọ ohun tí mò ń wí: àwọn òbí wa á sọ Yorùbá, àwa á fi Pijin dá wọn lóhùn, gbogbo wa á sì gbà pé a ti gbọ́ ara wa yé.

Bàbá mi, káfíńtà ọmọ Ọ̀yọ́, ní màlúù kan tí à ń pè ní Arẹwà. Ìyá mi ló ń fún wàrà rẹ̀ láàárọ̀, á sè é pẹ̀lú oje ewé bọmubọ́mù títí á fi dì, kó tó gbé e lọ sí ọjà Oliha. Èérún ìsàlẹ̀ ìkòkò, èmi ni mo ni ín. Èmi náà ni mò ń kó ìgbẹ́ màlúù, tí mò ń pọn omi fún un. Á fi ahọ́n rẹ̀ tó le bíi kànrìnkàn lá mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ.

Nígbà òjò kan, tí àgbàdo pọ̀ nílùú, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò ńlá sí ẹ̀yìnkùlé. Mo bi í léèrè, ó ní kí n lọ fọ abọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá mi pé, "Mi ò ní dà á lọ jẹko mọ́. Ẹ̀yìnkùlé níbí ni màá ti sin Arẹwà." Ìyá mi ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó sì ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Sin kẹ̀! Sin kan ṣoṣo ni mo mọ̀, òun ni wọ́n ṣe fún bàbá àgbàlagbà kan tó kú ládùúgbò wa. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Tèmi di odindi lóòótọ́, odindi màlúù nínú kòtò. Arẹwà ò ṣàìsàn, kò kan ẹnikẹ́ni. Kí ló ṣe? Ọkàn mi dàrú.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo tú u lókùn, mo ní kó máa sá lọ. Ọgbà ìyá Osas, aládùúgbò wa, ló sá lọ, ó sì jẹ gbogbo ewé ugu obìnrin náà tán kí Bàbá tó mú un padà.

Bí mo ṣe kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò nìyẹn, mo gbé ọwọ́ sókè, mò ń sunkún. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí Bàbá tẹ́ ọ̀rá dúdú sínú kòtò. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi fi àdá gé igi àgbàdo wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tewé tọmọ. Wọ́n dà á sínú kòtò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi ki, wọ́n fi ọ̀rá bò ó, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ àti ògbólógbòó táyà lé e. Arẹwà wà lórí ìso, ó ń jẹ àpọ́jẹ rẹ̀. Àgbàdo ni wọ́n sin!

Ojú mi tún wá dàrú sí i. Koríko kún ìgboro, ẹ wá ń bo oúnjẹ mọ́lẹ̀? Bàbá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i, pé atẹ́gùn ló máa bà á jẹ́. Nínú ilé kan náà tí ìyá mi ti ń ṣí ọbẹ̀ sílẹ̀ kó má baà kan!

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, tí koríko gbẹ, Bàbá ṣí i. Òórùn omi ògì gba gbogbo ilé. Mo ní ó ti bàjẹ́, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí Arẹwà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ́ sínú kòtò. Wàrà rẹ̀ ò gbẹ lọ́dún yẹn. Ọjọ́ náà ni ìyá mi tó là á yé mi pé sin méjì ló wà, ti òkú àti ti ẹran ọ̀sìn, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lóde òní, ẹ̀rọ ló ń gé àgbàdo tèmi, inú àpò ọ̀rá ni mò ń dì í sí. Kò sí kòtò, kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀. Èmi náà ń sin màlúù, ọmọbìnrin mi ló ń bá mi fún wọn lóúnjẹ, Pijin ló sì fi ń dá mi lóhùn.

Bàbá kú lóṣù tó kọjá. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún ọmọ náà. Mo kàn ní kó lọ di ẹrù rẹ̀, pé à ń lọ sí Ọ̀yọ́, a fẹ́ lọ sin bàbá àgbà.

Ojú rẹ̀ tàn. "Mọ́mì, wetin we go dey give am chop?"

Mo ní kó bu wàrà díẹ̀ dání, pé bàbá àgbà fẹ́ràn rẹ̀.