Ohun Tó Wà Lábẹ́ Páákó

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣì jẹ́ ìpínlẹ̀ tuntun, tí ọ̀dà ara ògiri ọ́fíìsì wọn l'Óṣogbo kò tíì gbẹ tán, mo ń kọ́ni ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìwó. Mo ti lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìjọba kò tíì fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ mi múlẹ̀. Ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn, wọ́n lè sọ fún un láàárọ̀ pé kó má wá mọ́, kò sì ní sí ẹni tó máa bi wọ́n pé kí ló dé. Ohun tó kù ni kí alábẹ̀wò láti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ wá wo bí mo ṣe ń kọ́ni, kó sì fọwọ́ sí ìwé mi. Ìyá mi ní Kuta ti ń sọ fáyé gbọ́ pé olùkọ́ ìjọba lọmọ òun. Mi ò sọ fún wọn pé ìjọba fúnra rẹ̀ kò tíì gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo yàn fún ọjọ́ náà ni bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe mọ ohun tó wà nínú átọ́ọ̀mù. Ojú ò lè rí átọ́ọ̀mù. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ta àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ín lu wúrà tí wọ́n ti lù títí tó fi fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Èyí tó pọ̀ jù gba inú wúrà náà kọjá bí ẹni gba inú ilé òfìfo. Díẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á ta padà sẹ́yìn, ìyẹn ni wọ́n sì fi mọ̀ pé kókó líle kan wà láàárín. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń ṣe é. Ẹ̀rọ kan wà lókè òkun tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn yí i po, ká ní Ìwó ló ti gbéra ni, ì bá ti kọjá Ilé-Ogbó tipẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń fi í ṣe: ju nǹkan lu nǹkan, kí o wo ibi tó máa yà sí. Àwọn ọmọ tó ń sọ òkò sí igi máńgòrò kò mọ̀ pé àwọn ti kàwé débẹ̀.

Wúrà wo la fẹ́ rí lù? Mo ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà gé igi onígun mẹ́ta kan fún mi, mo kàn án mọ́ abẹ́ páákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, mo gbé páákó náà lé bíríkì mẹ́rin. Mo tọrọ ọmọ irin roboto inú bíárìn tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á yí irin náà wọ abẹ́ páákó láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo, wọ́n á wo ibi tó máa gbà jáde, wọ́n á sì yàwòrán ohun tí wọ́n rò pé ó wà níbẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọjú wo abẹ́ páákó, a ò sì ní gbé e sókè. Ṣebí àwọn tó ṣe ti wúrà ò rí inú átọ́ọ̀mù.

Alábẹ̀wò dé lórí ọ̀kadà, nítorí pé kò sí epo nínú mọ́tò ìjọba. Àgbàlagbà ni, ó dákẹ́, ó sì mọ́ tónítóní láìka eruku ọ̀nà sí. Ó jókòó sẹ́yìn. Àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa. Bí mo ṣe ń rìn kiri ni mò ń rí onígun mẹ́ta nínú ìwé wọn, ọkàn mi sì balẹ̀. Ni bàbá bá dìde, ó ní kí wọ́n fún òun náà ní irin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yí i, láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ta padà sọ́dọ̀ rẹ̀ tààrà.

“Onígun mẹ́rin ni,” ló wí.

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ìró kílínà tí àwọn ọmọ fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́. Mo rò pé gbogbo kíláàsì ló ń pa onígun mẹ́ta wọn rẹ́. Bí àgbà bá ní ilẹ̀ ti mọ́, ọmọ wo ló máa ní òun ṣì ń rí òṣùpá? Èmi náà ńkọ́? Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà.”

Ọmọbìnrin kan jáde wá láti ìlà kejì, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

“Ẹ má bínú, sà. Tèmi kì í ṣe mẹ́rin.”

“Kí ni tìrẹ?”

“Mẹ́ta ni, sà. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lẹ ti yí i.”

Ẹnì kan kùn lẹ́yìn pé ojú ọmọ yìí ti le jù. Bàbá kọjú sí mi, ó ní kí n gbé páákó sókè. Bí mo bá gbé e, mo dójú ti ẹni tí ìwé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mi ò bá gbé e, mo ṣàìgbọràn sí i. Mo ní òfin ẹ̀kọ́ náà ni pé a kì í gbé e. Bóyá sáyẹ́ǹsì ló sọ ọ́, bóyá ìbẹ̀rù ni. Ẹnu kan náà ni àwọn méjèèjì lò.

“Ìwọ mọ ohun tó wà níbẹ̀?”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà.”

“Kí wá ni o ń dúpẹ́ fún?”

Bàbá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó lóṣòó, ó ní kí ọmọbìnrin náà fi ibi tí òun máa ti yí irin han òun. Méjì ta sọ́wọ́ òsì, ọ̀kan ta sọ́tùn-ún. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó ní òótọ́ ni, mẹ́ta ni. Ó wá ní kí wọ́n kó ìwé wọn wá. Nínú gbogbo wọn, àyàfi ti ọmọbìnrin yẹn, onígun mẹ́rin tó dúdú kirimú ló wà, àpá onígun mẹ́ta sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́tà alábẹ̀wò dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ní olùkọ́ yìí mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ń pa ohun tí ojú wọn rí rẹ́. Òun á padà wá ní sáà tó ń bọ̀. Bí nǹkan kò bá yí padà nígbà náà, kí ilé ẹ̀kọ́ wá olùkọ́ mìíràn.

Mo gba gbogbo kílínà tó wà ní kíláàsì. Òbí kan wá bi mí bóyá mo ń tà á. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n kúnlẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kí ohun tí wọ́n kọ dúró bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Nígbà tí bàbá padà dé, mo ti kan igi roboto mọ́ abẹ́ páákó. Lọ́tẹ̀ yìí ó yí irin náà láti ibi gbogbo, ó wò ó dáadáa, ó tún ní onígun mẹ́rin ni. Ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Ọmọkùnrin tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kìíní bọ́ síta, ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. Roboto ni.” Bàbá ní òun gbọ́. Ẹnì kejì jáde, ó kúnlẹ̀. Bàbá ní òun gbọ́. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó gbà kí ẹlòmíì bá òun tọrọ àforíjì tirẹ̀. Aago lù, a ò tíì dé ìlà kẹta, olùkọ́ ìṣirò tó ni wákàtí tó kàn sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ohun tí a sọ físíìsì dà.

Nígbà tó kan èmi, mo fi ọwọ́ kan di táì mi mú, mo dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ má bínú, sà. Roboto ni.”

“Mo gbọ́,” ni bàbá wí, ó tẹ́ ìwé mi sórí tábìlì, ó sì ní kí n dìde lọ mú bírò wá.