Súfèé Bàbá Onílé Wa

Tí òjò bá ti kún gọ́tà Ajégúnlẹ̀ tí ọ̀pọ̀lọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, bàbá onílé wa ni mo máa ń rántí. Tíṣà báyọ́lọ́jì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Bí àwa ṣe ń gbọ́n omi kúrò nínú yàrá, wọ́n á ká ṣòkòtò sókè, wọ́n á tẹ́tí sí gọ́tà.

"Ẹ gbọ́! Àwọn akọ ń pe ìyàwó nìyẹn. Kọ̀ǹkọ̀ àti ọ̀pọ̀lọ́ jọ ń gbé inú omi kan náà, ṣùgbọ́n abo ọ̀pọ̀lọ́ ò ní dá kọ̀ǹkọ̀ lóhùn láé. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ń bímọ fún ara wọn."

Súfèé ni bàbá onílé náà fi ń pe ìyàwó tiwọn láti géètì: kúkúrú méjì, gígùn kan. Màmá á sì jáde wá tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Mo sọ fún bàbá onílé pé, "Dádì, ẹnikẹ́ni lè sín ìyẹn jẹ."

"Ó dáa, gbìyànjú ẹ̀ wò."

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí mo súfèé ní géètì, tí àgbàrá òjò ṣì wà nílẹ̀, tí Bàbá dúró sẹ́yìn mi, Màmá ò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ẹja tí wọ́n ń dín.

"Kọ̀ǹkọ̀ wo ló tún dé géètì yìí o?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sínú àgbàrá.