Ẹsẹ̀ Tó Kọ́kọ́ Wọ Ilé Akọ̀wé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Màmá Dèjì jẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó wò. Gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti sán, ó sì le bí èèpo igi. Ọmọ-ìka tó kéré jù kò sí ní ẹsẹ̀ òsì. Tinúọlá ni wọ́n sọ ọ́ nílé bàbá rẹ̀ ní Ùsì. Òun ni ìyàwó àgbà nílé ọkọ wa ní Ìrè-Èkìtì, èmi Fúnmilọ́lá ló tẹ̀lé e, nítorí àbúrò ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ mi. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n rèé tí a ti jọ wà nínú ilé náà. A ti jọ kọ ebè, a ti jọ yan gààrí, a sì ti jọ sin ọkọ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Bí ẹ bá gbọ́ ìbínú nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ má yà á sí nǹkan kan. Kò tíì tán nínú mi ni.

Ọláyíwọlá ni àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọkọ wa. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí Màmá Dèjì wọlé, ìyá rẹ̀ sì ti kú. Nílé wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tí ó bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Nítorí náà, Màmá Dèjì fún un ní orúkọ tirẹ̀, ó pè é ní Akọ̀wé. “Akọ̀wé, ṣé ẹ ti jẹun?” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá ọmọ tí ikun ń yọ nímú sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, oko rẹ̀ ló sì rán an níwèé.

Ọdún tí Akọ̀wé fẹ́ wọ yunifásítì ni àdá bọ́ lọ́wọ́ Màmá Dèjì níbi tó ti ń ro oko ẹ̀gẹ́, ó sì gé ìka ẹsẹ̀ yẹn já. Akọ̀wé wà níbẹ̀. Òun ló pọ̀n ọ́n sẹ́yìn dé títì, ó ń sunkún, ó ń sọ pé, “Màmá Dèjì, mi ò ní gbàgbé ẹsẹ̀ yìí láyé mi.” Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, mo sì fi etí mi gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n wọlé. Ní ọjọ́ kẹta, Màmá Dèjì fi àkísà di ẹsẹ̀ náà, ó padà sóko. Ó gbọ́dọ̀ hú ẹ̀gẹ́ tà kí Akọ̀wé tó lọ.

Akọ̀wé lọ. Ó kàwé, ó rí iṣẹ́ sí Èkó, ó fẹ́ Títílọlá. Mi ò ní purọ́ mọ́ Títílọlá, ó ń ránṣẹ́ sí wa lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ó máa ń fi nǹkan náà lé wa lọ́wọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọwọ́ wa kan tirẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n fi Akọ̀wé ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí èmi àti Màmá Dèjì wá bá òun yọ̀. A wọ mọ́tò ní Ìkọ̀lé, a gbé iṣu dání. Màmá Dèjì ti ra bàtà tuntun sílẹ̀ fún ìrìn àjò náà, bàtà aláwọ̀ búlúù tó bo ẹsẹ̀ délẹ̀. Ó fi òrí pa gìgísẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò rọ̀. Ó wá sọ fún mi pé kò burú, bàtà a bò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n kó wa lọ sí ilé oúnjẹ àwọn ará Jàpáànù. Títílọlá ló yan ibẹ̀. Ọmọbìnrin kan pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ aṣọ gígùn, ó fi ọ̀já fífẹ̀ gbàdí, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, Gift, sí àyà aṣọ náà. Ó tẹrí ba fún wa dáadáa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní kí a jọ̀wọ́ bọ́ bàtà, nítorí orí ẹní la ó jókòó sí.

Màmá Dèjì wò mí. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà búlúù náà, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé ẹní. Iná ibẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ẹní náà sì mọ́ tónítóní. Gbogbo ohun tó ti fẹ́ fi bàtà bò ló wá hàn síta.

Bí a ṣe ń múra láti jókòó ni Gift gbé àwo kan dé, tówẹ́lì kéékèèké funfun wà nínú rẹ̀, wọ́n rẹ wọ́n sómi gbígbóná, wọ́n ká wọn, ooru ń jáde lára wọn. Màmá Dèjì ló kọ́kọ́ fún, nítorí òun ni àgbà. Kò sọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ọ̀dọ̀ tiwa, bí oúnjẹ bá dé, abọ́ omi ni wọ́n ń gbé wá, àgbà a kọ́kọ́ fọwọ́, omi náà a sì yí dé ọ̀dọ̀ àbúrò. Aṣọ tútù tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ ló wà fún. Wọ́n ní kí o bọ́ bàtà, wọ́n wá gbé aṣọ tútù lé ọ lọ́wọ́. Kí ni ìwọ ì bá rò? Màmá Dèjì rò pé àwọn ènìyàn yìí láàánú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀, gìgísẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀.

Èmi náà ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo wá rí i tí Títílọlá ń fi tirẹ̀ nu ọwọ́, ni mo bá yára fi tèmi nu ọwọ́. Mi ò ta á lólobó. Mo ṣì ń gbé ìyẹn kiri dòní.

Títílọlá ti gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò, kí ó tó lanu. “Màmá Dèjì, ọwọ́ ni wọ́n ń fi í nù o.” Ó yíjú sí Gift. “Ẹ má bínú, abúlé ni wọ́n ti ń bọ̀.” Ó tún wo ẹsẹ̀ náà. “Bí ẹ bá ti sọ fún mi, mà, ǹ bá ra ìbọ̀sẹ̀ dání fún yín, kó má ba ẹní wọn jẹ́.”

Mo wo Akọ̀wé. Mo rò pé yóò dá a lẹ́kun. Ẹ̀rín ló bú sí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú, omi bọ́ lójú rẹ̀. “Màmá Dèjì, ẹ fẹ́ pa mí.”

Màmá Dèjì náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ká tówẹ́lì náà, ó tì í bọ inú báàgì rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìró. Wọ́n gbé oúnjẹ dé: ìrẹsì tí wọ́n fi ewé dúdú wé, àti ẹja tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí iná kò kàn rí. Títílọlá fi igi méjì tín-ín-rín mú tirẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún wa. Gift rọra bẹ̀rẹ̀ sí etí Màmá Dèjì, ó ní, “Mà, ọwọ́ ni àwọn ará Jàpáànù gan-an máa ń fi jẹ ìrẹsì yìí.” Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò jáde mọ́ lábẹ́ ìró náà. Ebi ni Màmá Dèjì gbé kúrò níbẹ̀. A kò tíì délé tí fídíò fi dé orí Wáásáàpù ẹbí, tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń fi ẹ̀rín síbẹ̀ láti Ìbàdàn dé òkè òkun.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mọ́tò wa dúró ní Adó. Ibẹ̀ ló ti bi mí léèrè.

“Fúnmi, ṣé ùwọ náà gbọ́ ẹ̀rín Akọ̀wé?”

“Mo gbọ́, mà.”

“Ó dáa.”

Kò mẹ́nu ba Títílọlá. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan ni Títílọlá lójú rẹ̀. Ẹ̀rín Akọ̀wé ló gbé padà wálé, ọjọ́ tí Akọ̀wé yóò dáhùn fún un ló sì ń retí. Tówẹ́lì náà wà ní ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀, pẹ̀lú ìdọ̀tí ọjọ́ yẹn lára rẹ̀. Bí mo bá ní kí n bá a fọ̀ ọ́, á ní kí n fi í sílẹ̀. Bí Akọ̀wé bá pè, á bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Akọ̀wé, ẹ kú uṣẹ́, ẹ kú ìnáwó.” Èmi ni inú ń bí jù. Ó mọ ohun tó ń ṣe, mi ò mọ̀.

Akọ̀wé ń kọ́lé sí Ìrè ní gbogbo àsìkò yìí. Ilé náà parí lọ́dún yìí, wọ́n sì dá ọjọ́ ìṣílé sí Sátidé lẹ́yìn Àjíǹde. Wàyí o, ẹbí wa ní ìlànà kan tí kò sẹ́ni tó ń fò ó. Bí wọ́n bá kọ́ ilé tuntun, ìyàwó àgbà ni yóò bu omi nínú ilé àtijọ́, yóò gbé e dé ilé tuntun, yóò bọ́ bàtà, yóò dà á sẹ́nu ọ̀nà, yóò sì kọ́kọ́ wọlé. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tíì kan ilẹ̀ ibẹ̀, kò sí ọmọ ilé tó máa wọlé, kò sí ẹni tó máa jẹun níbẹ̀. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wá, àlùfáà sì mọ̀ nípa rẹ̀, ó máa ń dúró kí omi kọ́kọ́ dà kí ó tó gbàdúrà.

Gbogbo ẹbí pé síwájú ilé náà. Ilé ńlá ni lóòótọ́, táìlì funfun ló bo ilẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn. Títílọlá ti gbé apẹ̀rẹ̀ tí a ó kó bàtà sí sẹ́nu ọ̀nà. Màmá Dèjì dé pẹ̀lú igbá omi lórí, bàtà búlúù yẹn lẹ́sẹ̀. Ó sọ igbá kalẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó sì dúró.

“Màmá Dèjì, ẹ wọlé, mà,” Títílọlá wí.

“Ẹsẹ̀ mi a ba ulẹ̀ yín jẹ́.”

Ó yọ tówẹ́lì náà jáde nínú ìró. Ó ti gbẹ, ó ti pọ́n. Títílọlá mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi nínú ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tòun ti léèsì, ó na ọwọ́ láti gba tówẹ́lì náà. Mo rò pé ibi tí à ń lọ la dé yẹn.

Màmá Dèjì mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

“Ùwọ kọ́, ọmọ mi. Ùwọ kò mọ ibi tí mo gbé ẹsẹ̀ yìí gbà. Dìde.” Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. “Ọláyíwọlá.”

Ọdún mọ́kànlélógójì tó ti wọlé ọkọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

“Ọláyíwọlá, wá nu ẹsẹ̀ mi, kí n wọlé rẹ.”

Akọ̀wé wo Bàbá Akínlolú, olórí ẹbí, bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Bàbá Akínlolú ní, “Ẹsẹ̀ rẹ̀ la wá dúró dè. Ṣe ohun tó sọ.”

Akọ̀wé jáde láàárín wọn. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn nínú agbádá funfun rẹ̀, ó ti tówẹ́lì bọ inú igbá omi, ó sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé itan. Ó nù ún dáadáa. Tówẹ́lì náà ń há sínú àwọn ibi tó sán, ó sì ń rọra yọ ọ́. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ òsì, ọwọ́ rẹ̀ dé ibi tí ìka kò sí, ó sì dúró síbẹ̀.

“Rẹ́rìn-ín,” Màmá Dèjì wí.

Kò lè rẹ́rìn-ín.

“Fídíò ń lọ. Gbogbo ayé fẹ́ gbọ́ ọ. Rẹ́rìn-ín bí ùgbà yẹn.”

Òótọ́ ni, fídíò ń lọ. Èmi ni mo di fóònù mú.

Akọ̀wé dorí kodò sórí ẹsẹ̀ náà, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ń sọ pé kó dárí ji òun, ó ń pè é ní Màmá Dèjì, lẹ́yìn náà ó ń pè é ní ìyá mi. Màmá Dèjì jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Kò sọ pé òun dárí jì í, kò sì sọ pé òun kò dárí jì í. Ó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó da omi tó kù sẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé.

Ó rìn já gbogbo ilé náà, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn jáde lọ sílé rẹ̀, kò jẹun, kò mu omi. Nígbà tí àwa yòókù wọlé, ipasẹ̀ rẹ̀ tí omi àti iyanrìn fi sílẹ̀ wà lórí táìlì funfun láti ẹnu ọ̀nà dé kíṣíìnì, ọ̀tún ní ìka márùn-ún, òsì ní mẹ́rin. Títílọlá ti mú àkísà dání. Ó dúró tì í, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo èmi, ó sì gbé àkísà náà padà sí ibi tó ti mú un.