Ilé Tí A Kì Í Kan Ìṣó Mọ́

Òórùn amọ̀ tútù ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà èwe mi. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn tòmátì tó ti rà bọ̀ láti ọjà Mile 12, ṣùgbọ́n ti amọ̀ ló borí. Mo bá Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, níwájú ilé, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n ń po erùpẹ̀ pupa, wọ́n ń fi dí ibi tí ògiri ti sán.

Ọkọ wọn ló kọ́ ilé náà sí Ìkòsí nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba lé wa lórí. Amọ̀ ni gbogbo ògiri rẹ̀, sìmẹ́ǹtì fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú. Pákó ni fèrèsé, pákó náà ni ilẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó máa ń dún bí a bá ń rìn. Òfin Ìyá Àgbà kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri. "Ẹ má dá ọgbẹ́ sí i lára," ni wọ́n máa ń wí. Bí ìṣó bá wọlé, sìmẹ́ǹtì á sán, omi òjò á sì gba ibẹ̀ wọ inú amọ̀.

Mo kórìíra òfin yìí. Kàlẹ́ńdà àti fọ́tò ló kún ilé àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ògiri tiwa ṣófo. Nígbà tí mo ṣe ipò kìíní níléèwé, bàbá mi fi fọ́tò mi sínú fírémù. Mo bẹ̀bẹ̀, mo sunkún, Ìyá Àgbà kọ̀ jálẹ̀. Orí àga ni wọ́n gbé e tì. Kò pẹ́ tí àlejò kan fi jókòó lé e, gíláàsì fọ́ yángá. Mo búra pé bí mo bá ní ilé tèmi, màá kan ìṣó títí ògiri yóò fi kún.

Ìyá Àgbà ti lọ, bàbá mi náà ti lọ. Lọ́dún tó kọjá, Bọ̀dá Wàsíù, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Magodo, pe ẹbí jọ sí pálọ̀ ilé náà. Ẹnì kan fẹ́ rà á, kó wó o, kó kọ́ fúláàtì síbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká face reality," ni Bọ̀dá wí. "Ilé yìí ti gbó. Ta ló fẹ́ maintain ẹ̀?"

Mo mọ̀ pé bí a bá ti fọwọ́ sí ìwé, ó parí nìyẹn.

Bọ̀dá ti mú fọ́tò Ìyá Àgbà wá nínú fírémù tuntun, wọ́n ní kí Ìyá náà wà níbẹ̀ bí a ṣe ń fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé ìṣó lé ògiri, wọ́n na òòlù sókè. Ọwọ́ wọn ò wá sílẹ̀ mọ́. Omijé ti lé ròrò sójú wọn.

"Ìyá máa bá mi jà," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé fọ́tò náà tì sórí àga.

A ò sọ̀rọ̀ títà mọ́ lọ́jọ́ náà. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, èmi àti Bọ̀dá la jọ po amọ̀.

Àdúgbò Anthony ni mò ń gbé báyìí. Búlọ́ọ̀kù ni ilé mi, ó lè gba iye ìṣó tó bá wù mí, ṣùgbọ́n n kò tíì kan ẹyọ kan mọ́ ọn. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà tí mo búra ọjọ́sí ì bá bínú sí mi gan-an. Orí àga ni fọ́tò ipò kìíní rẹ̀ wà títí dòní, n kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀.