Ta Ni Yóò Sọ fún Mùtíàt Pé Ó Jàre?

Bí ẹ bá bi Mùtíàt, ìyá Jìbírílù, léèrè ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ jù láyé, kò ní dárúkọ Mẹ́kà, kò sì ní dárúkọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìnísà. Ọ̀rọ̀ kan ló ń fẹ́ gbọ́, ọ̀rọ̀ kékeré tí ọmọdé lè sọ: "O jàre." Ẹnu Bàṣírát ló sì fẹ́ kó ti jáde.

Ìnísà ni àwọn méjèèjì ti wá. Wọ́n jọ dé Gáńbíà nígbà tí wọ́n ṣì ń pe Banjul, olú ìlú ibẹ̀, ní Bátọ́ọ̀sì, wọ́n sì jọ gba àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́jà. Mùtíàt ń ta ìlẹ̀kẹ̀, Bàṣírát ń ta ìkòkò àti abọ́. Abọ́ kan ni wọ́n fi ń jẹun lọ́sàn-án. Bí oníbàárà Wọ́lọ́ọ̀fù bá kí ọ̀kan nínú wọn ní "Nanga def?", èkejì ló máa ń dáhùn, wọ́n á sì jọ bú sẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ti jọ ń ṣe nìyẹn, àwọn tí kò lọ́rẹ̀ẹ́ sì ń jowú wọn.

Lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ dàrú, Bàṣírát fẹ́ ṣàlùwàlá fún ìrun Alàásárì. Ó bọ́ yẹtí wúrà rẹ̀, ó gbé e sórí àtẹ ìlẹ̀kẹ̀, ó ní, "Mùtí, bá mi ṣọ́ ọ." Mùtíàt ní òun ti gbọ́. Oníbàárà pọ̀, wọ́n ń nájà, wọ́n ń tú ìlẹ̀kẹ̀ wò. Kí Bàṣírát tó padà dé, ẹni tí yóò mú yẹtí ti mú un lọ. Ẹ má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀. Mùtíàt ò mú un.

Ká ní ọwọ́ àwọn obìnrin méjèèjì lọ̀rọ̀ náà wà ni, bóyá wọn ì bá sunkún díẹ̀ kí wọ́n sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n Ádámù, ọkọ Bàṣírát, ló ra yẹtí, onínúfùfù ọkùnrin sì ni. Kò dúró gbọ́ tẹnu Mùtíàt. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Àwọn baba wa ti wí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ta ní ráyè òwe nígbà tí wúrà bá sọnù? Ọlọ́pàá ló lọ pè.

Ní kóòtù, òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé. Ẹni tó fẹ̀sùn kan èèyàn ni yóò mú ẹ̀rí wá. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ò ní láti fi hàn pé òun ò ṣe é. Wọ́n bi Ádámù, kò rí nǹkan kan. Wọ́n bi Bàṣírát, ó ní òun ò rí ẹni tó mú un, kò sì wojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ni adájọ́ bá sọ ọ̀rọ̀ méjì péré ní Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà Olútúndé, ọmọ Abẹ́òkúta tó máa ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn Yorùbá níbẹ̀, kọjú sí Mùtíàt, ó ní:

"Adájọ́ ní àwọn ò rí ẹ̀bi lọ́wọ́ yín. Ẹ máa lọ sílé."

Mùtíàt dúró, ó ń retí ìyókù. Ní Ìnísà, bí àwọn àgbà bá gbọ́ ẹjọ́ tán, wọ́n á sọ fún ọ̀kan pé ó jẹ̀bi, wọ́n á sọ fún èkejì pé ó jàre. Ẹni tó jẹ̀bi á tọrọ àforíjì, ẹni tó jàre á gbà, ilẹ̀ á sì tòrò. Èyí tí wọ́n fún un yìí dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Wọ́n ti ń pe ẹjọ́ ẹlòmíràn, ó ṣì ń dúró.

Níwájú kóòtù, ará Ìnísà kan béèrè pé, "Wọn ò rí i? Ṣé wọ́n wá a dáadáa ṣá?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, "wọn ò rí ẹ̀bi" ti di "wọn ò rí ibi tó kó o sí." Ẹnu ayé! Láti ọjọ́ náà, bí Mùtíàt bá súnmọ́ àwọn obìnrin ìlú rẹ̀, wọ́n á kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ọwọ́ wọn á sì máa yọ́ lọ síbi àpò wọn. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bí ẹni pé òun ló gbé ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀. Bàṣírát kó àtẹ tirẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun ọjà.

Màmúdù, ọkọ Mùtíàt, ò mọ ohun tó ń dùn ún. "Wọ́n ti dá ọ sílẹ̀," ló máa ń wí, "kí lo tún ń wá?"

Kí ló tún ń wá? Àárò ló ń sọ ọ́. Ó ń dá jẹun lọ́sàn-án, oúnjẹ náà kì í lọ lọ́fun. Nígbà mìíràn, á gbọ́ ẹ̀rín Bàṣírát láti ìpẹ̀kun ọjà, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń sín, oníbàárà á sì pè é títí kó tó dáhùn. Ọdún ń gorí ọdún. Orúkọ ìlú yí padà, àárò Bàṣírát ò yí padà.

Ìròyìn wá dé ọjà lọ́dún kan, nígbà òjò, pé Ádámù ti ń kó ẹrù, pé òun àti ìyàwó rẹ̀ ń padà sí Ìnísà pátápátá. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Mùtíàt lọ bá Tíṣà Olútúndé.

"Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún wọn ní kóòtù. Mo fẹ́ kí wọ́n tún ẹjọ́ mi dá."

Tíṣà rò pé òun ṣì í gbọ́. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù, ọmọ Akú kan, ìran àwọn tó ń sọ Kíríò níbẹ̀, tó ti darúgbó. Ìyẹn gbọ́ ọ tán, ó mi orí, ó ní, "Mámì, di kés dọ̀n dọ́n."

"Ó ní ẹjọ́ yín ti parí," ni Tíṣà wí. "Bí wọ́n bá ti dá èèyàn sílẹ̀, òfin ò gbà kí wọ́n tún gbé e wá lórí ọ̀ràn kan náà. Ẹ̀tọ́ yín ni, ìyá Jìbírílù. Ẹ̀tọ́ ńlá ni."

"Mi ò fẹ́ ẹ. Ẹ bá mi dá a padà fún wọn."

"Kì í ṣe aṣọ tí èèyàn ń dá padà sọ́jà o."

"Tíṣà, ṣebí ẹ̀yin lẹ túmọ̀ rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé mo jàre?"

"Adájọ́ ò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Ohun tó sọ ni mo túmọ̀. Àwọn kì í sọ ọ́. Lójú òfin tiwọn, aláìlẹ́ṣẹ̀ lẹ wọlé, aláìlẹ́ṣẹ̀ lẹ jáde. Kò sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi kún un."

"Lójú òfin," ni Mùtíàt wí. "Lójú Bàṣírá ńkọ́?"

Èyí kò sí nínú ìwé òfin kankan, Tíṣà sì mọ̀. Mùtíàt kí i pé ẹ ṣé, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì gba ọ̀nà Half Die lọ, àdúgbò tí Bàṣírát ń gbé, níbi tí omi òjò ti gba gbogbo ojú ọ̀nà.

Ẹrù ló kún pálọ̀ Bàṣírát. Ádámù ò sí nílé. Bí Bàṣírát ti rí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, igbe ló fi bọnu, ó sì fa Mùtíàt wọlé, ó dì mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì sunkún. Mùtíàt rò pé ojú òun ti rí ayọ̀. Bàṣírát jókòó tì í, ó gbé abọ́ ìrẹsì ẹlẹ́ja sáàárín àwọn méjèèjì bí wọ́n ti ń ṣe látijọ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Mùtí, fọkàn balẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì ọ́. Jẹun."

Mùtíàt wo abọ́. Ebi ń pa á, ebi ọdún púpọ̀.

"Kí lo dárí rẹ̀ jì mí, Bàṣírá?"

"A tún fẹ́ máa tú u ni? Ó ti lọ. Mi ò bínú mọ́. Jẹun."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìyí, tó ń wò ó pẹ̀lú ìfẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, ìfẹ́ ni. Kó ṣáà na ọwọ́ ni, gbogbo rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá bu òkèlè kan péré nínú ìrẹsì yìí, òun ti jẹ́wọ́ ohun tí òun ò ṣe, ohun tí adájọ́ pàápàá ò lè sọ pé òun ṣe.

Ó dìde. "Ọlọ́run á sìn yín délé. Àárò rẹ yóò máa sọ mí."

Ó ti wọnú omi nígbà tí Bàṣírát sáré dé ẹnu ọ̀nà.

"Mùtí! Padà wá jẹun, jàre!"

Jàre. Bàṣírát ti sọ ọ́, jàre ti ẹ̀bẹ̀, èyí tí èèyàn ń sọ fún ọmọdé tó ń ṣagídí. Omi mu Mùtíàt dé orúnkún, omijé ò jẹ́ kó ríran. Kò wẹ̀yìn, torí ó mọ̀ pé bí òun bá wẹ̀yìn, òun á jẹun.