Ọba Wàjà ní Rumuigbo

Ìwé dé láti ìlú wa pé kí ọkọ mi wá jẹ baálẹ̀. Èmi ò lè fi ìsọ̀ mi ní Rumuigbo, ìlú àjèjì tí à ń gbé, sílẹ̀, ọkọ mi kò sì tíì dá wọn lóhùn.

Ní Sátidé kan, à ń wo fíìmù ayé àtijọ́. Ọmọ ọba fẹ́ gbé ọmọ amọ̀kòkò níyàwó, ni ìránṣẹ́ bá dé: “Ọba wàjà. Ẹ fi ọmọbìnrin yìí sílẹ̀, kí ẹ wá gorí ìtẹ́.”

Mi ò lè wo ojú ọkọ mi.

Ọmọ wa obìnrin, tí Pidgin yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, béèrè pé, “Dádì, ‘wá ajá’ kẹ̀? Ajá ọba don lost?”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, “Ìyàwó, kí wọ́n fi àbúrò mi jẹ. Bí mo bá lọ, ta ni yóò kọ́ eléyìí ní Yorùbá?”

Ó kọ́ ọ lóòótọ́. Ọmọ náà ló ń bá mi fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.